Ẹ Béèrè, A Dáhùn: "Gbé" Tó Di "Gbè"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Mọ́mì wa máa pé 80 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, ará Abẹ́òkúta ni wọ́n, Áńgílíkà pọ́ńbélé. Àwa ọmọ tá a wà ní London fẹ́ kó orin ìgbàgbọ́ àtijọ́ sínú fláàṣì kan fún wọn, àmọ́ ìjà ti dé o. Bọ̀dá mi àgbà ní híìmù nìkan, àbúrò mi obìnrin ní orin òyìnbó tí wọ́n tú sí Yorùbá kì í ṣe orin wa, ká lọ wá ti ìbílẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo máa gbè mọ́. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?
*Ọmọ Mọ́mì, Peckham*

ÌDÁHÙN: Ọmọ Mọ́mì, ẹ kú ìnáwó o, wọ́n á pẹ́ fún yín. Bí mọ́mì bá ti jẹ́ ará Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì wo ẹlòmíì. Bàbá tó bí bàbá Fẹlá ni (ẹni tó bá mọ bí Fẹlá ṣe fi orin bá ṣọ́ọ̀ṣì jà tó á rẹ́rìn-ín níbí). Wọ́n bí wọn ní 1855, wọ́n sì kú ní 1930, orin ni wọ́n fi ń wàásù káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n á mú ohùn orin táwọn èèyàn ti mọ̀ nílé, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ Jésù sí i. Nígbà tó di 1922 wọ́n wá sí London, ìlú tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone sì gba ohùn wọn sílẹ̀, orin tó lé ní 40, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn èèyàn ti gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ sórí YouTube. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà á máa dún ṣàà-ṣàà-ṣàà bí ẹni tó ń dín àkàrà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ní òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́, torí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ohùn bàbá náà á ti bá ìdọ̀tí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá orin Àlùfáà A. T. Olajide Olude, ará Mẹ́tọ́díìsì, "Jésù, a fẹ́ pàdé". 1949 ni wọ́n ṣe é. Ó wọ Amẹ́ríkà débi pé ó wà nínú ìwé orin United Methodist ti 1989, àwọn òyìnbó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, orin wa ni! Ẹ fi Bọ́lá Àrẹ náà sí i. Ẹ má wo ti pé Áńgílíkà ni mọ́mì, ìlù CAC yẹn á gbé wọn dìde lórí àga, ẹ ṣáà bá wọn ṣọ́ra fún orúnkún.

Ní ti ìjà yín, mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí, kẹ́ ẹ kà á sétí bọ̀dá yín.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá kọ́yà wa ní a ò gbọ́dọ̀ kọ híìmù òyìnbó mọ́, pé ó ń ba èdè Yorùbá jẹ́. Àwọn ìyá ìjọ ti ń bínú, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gba híìmù lẹ́nu àwọn. Ṣé òótọ́ ni ọ̀gá wa sọ?
*Tẹ́nọ̀, Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Apá kan ẹ̀ jẹ́ òótọ́ o. Ẹ jẹ́ ká mú "Wá bá mi gbé, alẹ́ fẹ́rẹ̀ lẹ́ tán". Henry Francis Lyte ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1847, tíúùnù tá à ń fi kọ ọ́ sì jẹ́ ti William Henry Monk, 1861. Ẹ rọra kọ ọ́ báyìí. "Wá" àti "bá" wà lórí ohùn kan náà lókè, ó dáa. "Mi" sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó ṣì dáa. Ó wá kan "gbé", tó yẹ kó gòkè padà, àmọ́ tíúùnù òyìnbó ti ń lọ sísàlẹ̀ ní tiẹ̀, ló bá wọ́ ọ já sí kòtò, ló bá di "gbè". Ẹni tí ò gbọ́ orin yẹn rí á rò pé à ń bẹ Olúwa kó wá bá wa ṣe elégbè ni! Ẹ sì wo "alẹ́" tó tẹ̀ lé e o, "lẹ́" ga ju "a" lọ díẹ̀, bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé gẹ́lẹ́, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

T. K. Ekundayo Phillips, tó fi ọdún 48 tẹ ọ́gàn ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, 1914 sí 1962, ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ ní 1953 pé ohùn orin Yorùbá gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀gá yín ló kọ́kọ́ rí i.

Àmọ́ pé kẹ́ ẹ má kọ ọ́ mọ́? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. Ìyá mi àgbà ò kàwé púpọ̀, ìwé orin wọn ti já, okùn ni wọ́n fi so ó, wọn ò sì ní ṣí i rárá. Tí NEPA bá ti mú iná lọ nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dá "Wá bá mi gbé" sílẹ̀, tí wọ́n bá wá dé "gbé" yẹn, wọ́n á jẹ́ kó jábọ́ bí tíúùnù ṣe wí, wọ́n á wá fi ọ̀nà ọ̀fun fà á sókè díẹ̀ níparí. Gbé-è-é, báyìí. Wọ́n tún un ṣe láì sọ fún ẹnì kankan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá míì náà, ní ìlú tó jìnnà sí tiwa. Ẹ ní kí ọ̀gá yín jókòó sáàárín àwọn ìyá ìjọ ní Sọ́ńdè kan, kí wọ́n dákẹ́ ọ́gàn, kó kàn tẹ́tí.

ÌBÉÈRÈ: Ta ló kọ "Ọdún ń lọ sópin"? Àbúrò mi ní Tope Alabi ni, mo ní irọ́ ni. A ti ta á o, mínírà kan.
*Ìyá Ìbejì, Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: C.A.C. Good Women Choir, Ìbàdàn ni, Màmá D. A. Fasoyin ló ṣáájú wọn. Orin ìgbà àwo ni, tọ́yẹ́ bá ti ń fẹ́ ní December, kò sí àdúgbò tẹ́ ẹ ò ti ní gbọ́ ọ. Ìyá Ìbejì, ẹ gba mínírà yín, kó jẹ́ èyí tó tutù.