Alángbá kò dọ̀bálẹ̀, ó dakùn délẹ̀ ni

Ẹ béèrè ohun tí “dakùn délẹ̀” jẹ́ nínú òwe “Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.” Àlàyé kan ń lọ káàkiri pé alángbá ń kíni ni, pé ó dọ̀bálẹ̀. Irọ́ gbuu! Ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé ta ni alángbá dọ̀bálẹ̀ fún?

Ìdọ̀bálẹ̀ ní ẹni tí à ń ṣe é fún. Ọkùnrin á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, á wá rọra gbé àyà kalẹ̀ gbalaja. Èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìka kan ilẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn lásán ni wọ́n tẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: da ikùn dé ilẹ̀. Bí a ti ń da igbá dé tí ojú kò fi ní tó inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni alángbá da ikùn tirẹ̀ dé. Ẹ̀yìn là ń rí. Inú tó ń run wà lábẹ́. Ìdí nìyí tí òwe náà fi mú alángbá, tí kò mú ẹyẹ.

Ẹ̀yà ara tó kan ilẹ̀ ni Yorùbá fi ń sọ bí èèyàn ṣe wà: fẹ̀yìn lélẹ̀, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, dojú bolẹ̀. Kúnlẹ̀ pàápàá, eékún wà nínú rẹ̀. Dùbúlẹ̀ ni kò dárúkọ ẹ̀yà kankan, òun náà la wá fi rọ́pò gbogbo wọn, tí àwọn kan sì ń sọ pé èdè wa kò tó ó sọ! Bí nọ́ọ̀sì l’Ógbómọ̀ṣọ́ bá ní “Bàbá, ẹ dùbúlẹ̀,” bàbá lè dakùn délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikùn ni dókítà fẹ́ yẹ̀ wò. Kó sọ pé: “Bàbá, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká eékún sókè díẹ̀, ẹ na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara.” Eékún tó ká ń jẹ́ kí iṣan ikùn dẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá nà gbọnrangandan, ikùn lè le mọ́ dókítà lọ́wọ́. Ọ̀tún àti òsì, ti aláìsàn là ń sọ: ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún bàbá, tí í ṣe òsì ẹni tó dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó dákú àmọ́ tó ń mí dáadáa, ẹ má jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ahọ́n tàbí èébì lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ ká eékún tó wà lókè síwájú kó má baà yí padà. Ìkókó tí kò tíì pé ọdún 1 ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi lélẹ̀ bó bá fẹ́ sùn.