Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Agbára Katakata Àtijọ́ Tó Ń Lo Dísẹ́lì

Lẹ́tà lórí katakata tó ti pẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń béèrè: báwo ni a ṣe lè mú kó lágbára sí i? A mú márùn-ún jáde nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Massey Ferguson 135 ni katakata mi, ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó máa ń fi jíà kẹta tú tẹ́lẹ̀, jíà kejì ló fi ń tú u báyìí, tó bá sì dé ibi tí ilẹ̀ ti le, ńṣe ni ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí n jẹ́ kí òun ṣí pọ́ǹpù, kí epo lè máa wọlé sí i. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà. Katakata tó lágbára tẹ́lẹ̀ tó wá di ọ̀lẹ, agbára tó sọnù lára rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn wà ní tuntun, nǹkan bí agbára ẹṣin 45 ló ní. Bí ó bá ti dín kù, tí ẹ wá da epo kún un nígbà tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé tàbí tí nọ́sùlù, ìyẹn ẹnu tó ń fín epo sínú sílíńdà, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, èéfín dúdú àti ooru lẹ máa rí gbà, ẹ ò ní rí agbára.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò gba owó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan fa ọwọ́ epo dé òpin, kí ẹ̀yin wá wo apá kékeré tó wà lára pọ́ǹpù ńlá tó ń ti epo lọ sí nọ́sùlù. Apá yẹn gbọ́dọ̀ lọ kan skúrù tó ń dá a dúró. Bí àlàfo bá kù láàárín wọn, kódà kó jẹ́ mílímítà mẹ́ta péré, ẹ́ńjìnnì náà kò tíì dé eré tó yẹ kó máa sá. Ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ ló ti jẹ níbi oríkèé rẹ̀. Ẹ tún gígùn ọ̀pá náà ṣe títí apá yẹn á fi kan skúrù. Àìmọye ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti tú palẹ̀ nítorí àlàfo yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìdérí táǹkì. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Tí eruku bá dí i, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí ìdérí náà lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń wọlé pẹ̀lú ariwo, ẹ ti rí ọ̀tá yín.

Ẹ pààrọ̀ fíltà epo, ẹ da omi tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nù, kí ẹ sì fọ asẹ́ kékeré tó wà nínú pọ́ǹpù tó ń fa epo láti inú táǹkì. Tí ẹ bá fẹ́ lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ tú skúrù orí fíltà díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ pọ́ǹpù títí epo tí kò ní ìfófòó á fi máa jáde, ẹ dè é, kí ẹ tó ṣe ti ara pọ́ǹpù ńlá. Bí ọwọ́ pọ́ǹpù kékeré yẹn bá rọ̀ tí kò fa nǹkan kan, kò bàjẹ́: orí káàmù, irin inú ẹ́ńjìnnì tó ń tì í, ló dúró sí. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, á sì mú epo.

Ó wá kan afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì 2.5 lítà yìí ń fa afẹ́fẹ́ tó ju 2,000 lítà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan tó bá ń sá 2,000 ìyípo. Bí fíltà yín bá jẹ́ èyí tó ní abọ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀, ẹ tú abọ́ náà: bí ẹrẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ dà á nù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ fọ wáyà asẹ́ tó wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rọ ọ́ìlì tuntun dé ojú àmì, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá kọjá àmì, ẹ́ńjìnnì lè fa ọ́ìlì náà mu kó sì máa fi í sáré, kódà kí ẹ pa epo kó má dáhùn. Ẹ yẹ inú sáléńsà wò náà. Èyí tí ẹ̀dú ti dí máa ń dá èéfín padà.

Bí gbogbo èyí bá dára tí agbára kò sì padà, ẹ ṣí ìdérí fáàfù. Fún ẹ́ńjìnnì yín, àlàfo fáàfù jẹ́ mílímítà 0.30 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, 0.25 tó bá gbóná. Fáàfù tí kò ní àlàfo kì í pa ẹnu dé tán, ìfúnpọ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí pístọ̀nù fún pọ̀ nínú sílíńdà, á máa jò, iná á sì máa jẹ ẹnu rẹ̀.

Nọ́sùlù ló kàn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sùlù kan díẹ̀ kí epo lè máa jò síta, ẹ dè é padà, ẹ lọ sí òmíràn. Sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá tú tirẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà. Èyí tí ẹ tú tí ohùn kò yí padà, òun ni aláìsàn. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò láéláé, páálí ni kí ẹ lò: epo tí nọ́sùlù ń fín lè gún awọ ara wọlé, oníṣẹ́ abẹ nìkan ló sì lè yọ irú ẹ̀. Ẹ gbé gbogbo nọ́sùlù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò. Ó gbọ́dọ̀ fín bí ìkùukùu, kó dá dúró gbáú, kó má máa kán. Tí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ wo inú ihò rẹ̀ kí ẹ yọ wáṣà bàbà àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bí wáṣà bá di méjì, ẹnu nọ́sùlù á ga jù, epo kò ní bọ́ síbi tó yẹ, èéfín á sì máa jáde lẹ́yìn owó tí ẹ ná.

Ìgbà tí èyí bá tán ni kí ẹ wo bóyá àmì tó wà lára pọ́ǹpù ṣì bá èyí tó wà lára ilé jíà rẹ̀ mu, kí ẹ sì wá ẹni tó ní gééjì tó máa wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ kéré sí àwọn tó kù, ríìngì tàbí fáàfù ló ti jẹ, kò sì sí skúrù pọ́ǹpù tó lè wo ìyẹn sàn.

Ìbéèrè: Kí ni àwọ̀ èéfín ń sọ fún wa?

Ìdáhùn: Dúdú: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí nọ́sùlù ń kán. Funfun tí kì í lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná: epo ń wọlé ṣùgbọ́n kò jó, bóyá nítorí pé ó pẹ́ kó tó wọlé tàbí pé ìfúnpọ̀ kò tó, tí omi rédíétọ̀ bá tún ń dín kù, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí. Búlúù: ọ́ìlì ń jó. Kí ẹ́ńjìnnì máà ní agbára kó má sì yọ èéfín rárá, àìtó epo ni, ẹ padà sí fíltà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo nǹkan lára katakata mi ló dára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì jẹ. Mo ṣì fẹ́ kó lágbára díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Báwo ni mo ṣe lè fi epo kún un, báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ fún epo. Kílò dísẹ́lì kan nílò nǹkan bí kílò afẹ́fẹ́ 14.5 kó tó lè jó tán. Ṣùgbọ́n nínú sílíńdà, epo kì í ráyè pò dọ́gba mọ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà, tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sún mọ́ kílò 18 sí kílò epo kan, èéfín dúdú ti ń yọ nìyẹn. Epo tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn ibẹ̀, ojú ọ̀run lẹ ń rà á fún.

Lójú tiwa, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin epo tí a lè fi kún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é yàtọ̀. Nínú pọ́ǹpù CAV DPA tó wà lára ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́, abẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù ló wà, ìyípadà tí ojú lè má rí sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Orí ẹ̀rọ ìdánwò nìkan ni kí wọ́n ti ṣe é. Nínú pọ́ǹpù tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tò lórí ìlà, skúrù tó ń dá ọ̀pá epo dúró ni, a sì máa ń yí i ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kí a lọ fi ẹrù wúwo dán an wò. Nígbà tó bá ń fa ẹrù pẹ̀lú gbogbo agbára, èéfín tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ni kí ẹ gbà. Tó bá ti dúdú tí ẹ ò rí igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ẹ dá a padà.

Ẹ ra gééjì tó ń wọn ooru èéfín, kí ẹ fi í sí ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá ń fa ẹrù wúwo fún ìgbà pípẹ́, kó má kọjá 650°C. Alumíníọ̀mù ni pístọ̀nù, kò sì lè fara da ooru tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Bí rédíétọ̀ yín bá ní pàǹtí koríko láàárín ojú rẹ̀, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Skúrù tó hàn síta tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yí, eré ló ń fi kún, kì í fi epo kún. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́wàá kún eré ẹ́ńjìnnì, wàhálà tó dé bá ọ̀pá pístọ̀nù á fi ìdá 21 lé sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé kí n da pẹtiróòlù díẹ̀ mọ́ dísẹ́lì, á jẹ́ kó gbóná girigiri?

Ìdáhùn: Rárá o. Dísẹ́lì fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì tó ń mú inú pọ́ǹpù DPA yọ̀. Pẹtiróòlù á fọ ìyẹn kúrò, irin á máa họ irin. Ó tún máa ń jẹ́ kí iná pẹ́ kó tó ràn nínú sílíńdà, kó wá ràn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì á máa kàn gbà-gbà-gbà. Gáàsì ìdáná tí àwọn kan ń fẹ́ sínú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé burú bákan náà. Ní ti tọ́bò, tí òǹkàwé mìíràn béèrè, ó ṣeé ṣe, ó sì lè fi ìdá 20 sí 30 kún agbára. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ páìpù ọ́ìlì tirẹ̀ àti páìpù gbọọrọ tó máa dá ọ́ìlì padà sísàlẹ̀ láìṣẹ́ kọ́ńdú, ó fẹ́ fíltà afẹ́fẹ́ tó tóbi sí i, kí afẹ́fẹ́ tó ń tì wọlé má sì ju bí 0.5 bar lọ. Kílọ́ọ̀ṣì àti jíà ẹ̀yìn kò mọ̀ pé ẹ ti fi nǹkan kún ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá nílò àfikún tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, katakata tó tóbi ju ìyẹn lọ ló yẹ kó wá.

Ìbéèrè: Ẹ́ńjìnnì mi ń ké kíkan, èéfín rẹ̀ mọ́, àmọ́ táyà ẹ̀yìn ń yí lórí ilẹ̀ láìlọ. Kí ni kí n ṣe sí ẹ́ńjìnnì?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe nǹkan kan sí ẹ́ńjìnnì. Agbára yín kò dé ilẹ̀ ni. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn kan. Ẹ gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, kí ẹ wakọ̀ nínú oko títí táyà yẹn á fi yí ìgbà mẹ́wàá, ẹ wọn ibi tí ẹ rìn dé. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ohun ìtúlẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 40, tí ti ìkejì jẹ́ 32: mítà mẹ́jọ ló sọnù nínú 40, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ó sì ti pọ̀ jù. 10 sí 15 ló dára lórí ilẹ̀ tí ẹ ń tú.

Ẹ kọ́kọ́ wo èékánná táyà; tó bá ti jẹ tán, òun ni. Tó bá ṣì dára, ẹ wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀: psi 12 sí 16 ló sábà máa ń tó fún táyà ẹ̀yìn nínú oko, psi tí wọ́n fi ń rin títì kò dára níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi kún un. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ yí ẹnu fáàfù táyà sókè pátápátá, kí ẹ máa rọ omi títí á fi máa jáde lẹ́nu fáàfù. Omi ti gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táyà nìyẹn. Táyà 12.4-28 á gba nǹkan bí 150 lítà, ìyẹn kílò 150 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi irin wúwo sí iwájú náà kí táyà iwájú má bàa fò sókè, ẹ má sì so ẹrù mọ́ ibi tó ga ju ọ̀pá ìfàrù lọ: bí ẹ bá so ó ga, katakata lè yí dànù sẹ́yìn lu awakọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ tún ìdánwò yẹn ṣe. Bí ó bá bọ́ sí ìdá 12, tí ohùn ẹ́ńjìnnì wá ń lọ sílẹ̀ báyìí, ẹrù ọ̀hún ló ju agbára rẹ̀ lọ: ẹ dín fífẹ̀ ibi tí ohun ìtúlẹ̀ ń gé kù, tàbí kí ẹ bọ́ sí jíà tó kéré sí i kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa sá eré tirẹ̀.