Èsì: Ṣé ẹ lè wó ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ní Wuse l'Ábújá kí ẹ fi kọ́ plaza?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì pe katapílà o. Ẹ mú C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀) yẹn jáde, ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí ẹ fi ilẹ̀ náà ṣe, torí tó bá jẹ́ ilé gbígbé ni wọ́n kọ síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyípadà kí ẹ tó gbé pláànù lọ sí Development Control, àwọn tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé (ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni rẹ́kọ́ọ̀dù ilẹ̀ wà o, AGIS ni). Wọ́n á wo ibi tí mọ́tò máa páàkì sí, àmọ́ èyí tó ń já èmi láyà ni páìpù ìdọ̀tí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Wupa, níbi tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, ẹ ò lè kọ́lé lé e lórí láéláé, tẹ́ ẹ bá ti rí ìdérí mánhóòlù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, páìpù náà lè gba ibẹ̀, ẹ pe sọ̀fíyọ̀ kí ẹ tó fún ayàwòrán-ilé lówó kankan.