Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ Tí Ó Ń Yí Padà Nínú Àkọsílẹ̀ Owó

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan. Microsoft Access ni a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó, orí kọ̀ǹpútà méjì ni a sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Owó tí wọ́n san ní 5/3/2024 ń jáde bí owó ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n ti 25/3/2024 kò yẹ̀ rárá. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni? — Akọ̀wé, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà ni Access ń fi ọjọ́ pamọ́ sí, ìyẹn iye ọjọ́ tí ó ti kọjá láti ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1899. Ètò Region inú Windows ni ó ń pinnu bí yóò ṣe ka ohun tí ẹ tẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ètò Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti ń ṣáájú ọjọ́, ni ó wà lórí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà yín. Nígbà tí kò sì sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Access rọra yí 25/3 padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbá sàn kí ó kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin náà ìbá ti fura.

Ẹ yan ètò Nàìjíríà lórí méjèèjì, kí ẹ sì fi dd-mmm-yyyy sí Format àpótí ọjọ́, kí orúkọ oṣù lè máa hàn. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń fọwọ́ kọ ìbéèrè SQL, ìyẹn àṣẹ tí a fi ń wá nǹkan jáde nínú àkọsílẹ̀, ọjọ́ tí ó bá wà láàárín àmì # méjì, ìlànà Amẹ́ríkà ni Access yóò fi kà á, ohun yòówù tí Windows ìbáà wí. #2024-03-05# ni kí ẹ kọ, tàbí DateSerial(2024, 3, 5).

Ti àtẹ̀yìnwá ni ó le. Ọjọ́ 132 nínú ọdún ni ó lè dojú rú báyìí, kò sì sí fọ́múlà tí ó lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí ohun tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kejì tọ̀nà, a ó sì bà á jẹ́. Rìsíìtì nìkan ni ẹlẹ́rìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, torí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lè san owó lónìí kí ó jẹ́ oṣù tí ń bọ̀ ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí fláàṣì.