Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé ilẹ̀ mi ní Kubwa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹńjiníà. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni mo ní ní Kubwa níbí, àwọn ọmọ ti dàgbà, àyè ò gbà wá mọ́, mo wá fẹ́ gbé òkè kan lé e. Bíríkìlà mi ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á gbé pílà mẹ́rin dìde láti orí jámán-flọ́ọ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìyá Ìbejì ni o.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ètò ilé o. Ó ṣeé ṣe kí bíríkìlà yín mọ búlọ́ọ̀kù tò dáadáa, àmọ́ èyí tó sọ yìí, ẹ má gbà á o.

Ilé tẹ́ ẹ ní báyìí, ògiri ló ru òrùlé, ìpìlẹ̀ abẹ́ ògiri ló ru ògiri, páànù àti igi ò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Tó bá ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ tó máa di ilẹ̀ òkè, ló máa ru èèyàn àti bẹ́ẹ̀dì àti gbogbo ẹ̀, á gbé e fún bíìmù tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, bíìmù á gbé e fún pílà, pílà á wá sọ ọ́ kalẹ̀ sórí fútìn, ìyẹn kọnkéré fífẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, kí ilẹ̀ lè gbà á. Ibi tí ọ̀nà tí ẹrù ń gbà sọ̀ kalẹ̀ yẹn bá ti gé, ibẹ̀ nilé máa ti fọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Yàrá mítà 4 sí mítà 4, dẹ́kìn íńṣì 6, kọnkéré nìkan tó bíi kílò 5,800, ó lé ní àpò símẹ́ǹtì 110 lórí yàrá kan ṣoṣo, ẹ ò tíì gbé àga kan sókè o! Jámán-flọ́ọ̀ wá rèé, kọnkéré pẹlẹbẹ tí wọn kì í sábà fi rọ́ọ̀dù sí nílé ilẹ̀, orí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà kún inú ló jókòó lé. Pílà tó bá dúró lórí ìyẹn, ó lè gún un wọlẹ̀. Àti pé igun mẹ́rin péré fún ilé oníyàrá mẹ́ta? Bíìmù tó bá na gbọọrọ bẹ́ẹ̀ láìsí pílà láàárín, títẹ̀ ló máa tẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ pe ẹńjiníà tí COREN, àjọ tó ń fún àwọn ẹńjiníà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, mọ̀, èyí tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ structural gan-an, ìyẹn bí ilé ṣe ń ru ẹrù, kó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi bíi méjì mẹ́ta títí wọ́n á fi rí ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀, kó wo bó ṣe fẹ̀ tó àti irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó lè sọ pé fútìn tuntun la máa gbẹ́, kí rọ́ọ̀dù pílà ti inú ẹ̀ jáde wá, ó sì lè ní ká wó apá kan. Owó ni, mo mọ̀. Ẹ tún gba ìwé àṣẹ tuntun lọ́dọ̀ Development Control, àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ ní Àbújá, torí tó bá jẹ́ ilé ilẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa jí rí X pupa lára ògiri, àmì pé wọ́n fẹ́ wó o.

Tó bá wá di ọjọ́ àtida dẹ́kìn, tó bọ́ sásìkò ọyẹ́, ẹ má ṣahun omi o. Ọyẹ́ Àbújá yìí máa ń fa omi ara kọnkéré kó tó gan, ló fi máa ń sán. Ẹ máa wọ́n ọn láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n tú igi abẹ́ ẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 21, bí kápẹ́ńtà tiẹ̀ ń sunkún pé òun fẹ́ fi pákó òun ṣiṣẹ́ níbòmíì.