Ayùn gé òṣìṣẹ́ lápá: irú ẹ̀kọ́ wo ló yẹ ká gbà lórí dídá ẹ̀jẹ̀ dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Alábòójútó ni mí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé pákó àti irin. Láìpẹ́ yìí, ayùn oníná gé ọmọ iṣẹ́ wa kan lápá. Ẹ̀jẹ̀ bo ilẹ̀. Ẹnì kan fi òwú lé e, ẹlòmíràn já okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so apá náà, àwọn tó kù ń pariwo. Ọlọ́run yọ ọ́, ara rẹ̀ ti ń yá. Ọ̀gá wa wá ní kí n wá olùkọ́ tí yóò dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ náà? Ṣé èèyàn díẹ̀ ni yóò kọ́ ọ, àbí gbogbo wa? Òótọ́ sì ni pé bí a bá so apá, gígé ni wọn yóò gé e?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, ẹ bá mi kí ọmọ náà.

Ohun kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Ṣé olúkúlùkù wa ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é?" Bó bá jẹ́ pé àwòrán ni olùkọ́ yóò máa fi hàn yín láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí yóò sì pín ìwé ẹ̀rí, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹni tí kò tíì tẹ ọgbẹ́ rí, àní ọgbẹ́ àtọwọ́dá, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n lọ́jọ́ tó bá rí ti gidi.

Gbogbo yín ni kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà ò ju bíi lítà 5 lọ. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá gé, ẹni náà lè kú láàárín ìṣẹ́jú 5, kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Bó bá sì jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, tó wá jẹ́ òun gan-an ni ayùn gé ńkọ́? Bí ọ̀gá bá ní owó ò tó, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, títí kan ti òru, ní ju ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n lọ.

Nípa ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, pípa ẹ̀rọ ló ṣáájú, kí ẹ má baà di méjì tó farapa. Ẹ nawọ́ sí ẹnì kan pàtó, ẹ dárúkọ rẹ̀, kó pe ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá kàn pariwo pé kí ẹnì kan pè, kò sẹ́ni tí yóò pè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ gé aṣọ kúrò kí ẹ lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá gan-an. Bó bá ń tú jáde bí ọkàn ṣe ń lù, tó ń gbára jọ sílẹ̀, tàbí tí aṣọ ti rin gbindin, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti pílásítà nìyẹn.

Títẹ ọgbẹ́ ló ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn là, òun náà sì ni wọ́n ń ṣe láìdáa jù. Òwú tí wọ́n fi lé e yẹn kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ tẹ́ ẹni náà sórí ilẹ̀ tó le, ẹ fi gọ́ọ̀sì tàbí aṣọ mímọ́ lé ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àti ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má ṣí i wò! Ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti dì ni, ẹni tó bá ń ṣí i wò ń fà á ya. Kí olùkọ́ gbé aago síwájú yín níbi ìdánrawò, torí ìṣẹ́jú 10 gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, apá yóò sì máa ro yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin gọ́ọ̀sì já, ẹ fi òmíràn lé e lórí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ le sí i.

Bí ọgbẹ́ bá jìn ní abíyá tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn, ìka ni a fi ń ki gọ́ọ̀sì wọnú rẹ̀ títí yóò fi kún, ká tó tẹ̀ ẹ́. A kì í ki nǹkan bọ inú ọgbẹ́ àyà tàbí ti ikùn. Bí irin tàbí igi bá sì há sínú ọgbẹ́, ẹ má yọ ọ́; ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́? Ó lè gé ẹran ara. Ó tún lè dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà sí ọkàn láìdí èyí tó ń bọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ wá máa dà sí i. Tourniquet gidi, ìyẹn ọ̀já tí a fi ń so apá tàbí ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń lọ́ ọ le. Apá àti ẹsẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹ so ó ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lókè ọgbẹ́, kó má bọ́ sórí ìgbọ̀nwọ́ tàbí orúnkún, ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, kí ẹ kọ aago tí ẹ so ó sílẹ̀. Yóò dùn ún wọra, yóò sì máa bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u. Ẹ má dá a lóhùn. Dọ́kítà ni yóò tú u.

Ọ̀rọ̀ pé wọn yóò gé apá náà ló ń pa èèyàn, torí ó ń mú kí wọ́n ṣiyèméjì. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń so apá àti ẹsẹ̀ báyìí fún ohun tó lé ní wákàtí kan nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, kí wákàtí 2 má kọjá.

Bí ẹ bá ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ jẹ́ kó wà ní ìdùbúlẹ̀, ẹ da aṣọ bò ó, torí ara tó bá tutù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa. Ẹ má fún un ní omi mu.

Ẹ tún yẹ àpótí yín wò. Kí gọ́ọ̀sì tó pọ̀, bandéèjì, ìbọ̀wọ́, sísọ́ọ̀sì tó lè gé aṣọ tó nípọn àti tourniquet wà nínú rẹ̀, kí ó wà nítòsí ayùn, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì pa. Ẹ máa tún ìdánrawò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan, torí ọwọ́ ń gbàgbé. Ẹ ra tourniquet ọ̀tọ̀ fún ìdánrawò: èyí tí ẹ bá ti fi kọ́ṣẹ́ ti ń gbó nìyẹn, kò gbọdọ̀ padà sínú àpótí.