Kí ẹ tó ra awò oníkámẹ́rà fún Màmá tó ní glaucoma

Àbúrò mi tí ẹ kọ̀wé láti Ṣágámù, ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Kánádà fẹ́ ra awò oníkámẹ́rà ránṣẹ́ sí Màmá yín, tí glaucoma ti sọ ojú wọn di bàìbàì, kí wọ́n lè padà sídìí obì tí wọ́n ń ṣà tà, ẹ sì béèrè bóyá owó náà kò ní wọgbó. Èmi náà ní glaucoma. Ọdún 2016 ni wọ́n sọ fún mi, nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti ra irú awò bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí n óò kọ́kọ́ bi yín ni pé, apá ibo nínú ìríran Màmá ni ó ti lọ?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn awò wọ̀nyí kò ju kí kámẹ́rà wọn mú ohun tó wà níwájú ẹni, kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, kí wọ́n sì gbé e sórí sìkíríìnì kékeré tó dojú kọ ẹyinjú. Ẹni tí àárín ìríran rẹ̀ bàjẹ́, tí ó ń rí ẹ̀gbẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ni ó máa ń jèrè rẹ̀ jù, nítorí pé ohun tó bá tóbi yóò yọ kọjá ibi tó ṣókùnkùn, apá tó ṣì ń ríran yóò sì gbà á. Irú awò bẹ́ẹ̀ ni eSight, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà. Ṣùgbọ́n glaucoma kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Etí ni ó ti máa ń jẹ wọlé, bí ikán tó ń jẹ ẹní, títí ẹni náà yóò fi dà bí ẹni tó ń yọjú wo ayé láti inú ihò ọparun. Bí ẹ bá sọ ìwé di ńlá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, lẹ́tà méjì ni yóò máa rí níbi tí ó ti ń rí odindi ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ojúde Ọba ni ó là mí lóye. Èmi ni akọ̀wé regbẹ́regbẹ́ wa, mo sì ti pinnu pé lọ́dún náà, n óò rí àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun ní àrítẹ́lọ́rùn. Okùn awò náà kò gba gèlè, mo sì ní láti wé tèmi sẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ sódò. Nígbà tí ẹṣin dé, irun ọrùn ẹṣin kan ni mo rí, ó mọ́ kedere. Kí n tó wá ẹni tó gùn ún kàn, wọ́n ti kọjá. Bí mo bá mi orí díẹ̀, gbogbo ojúde a mì, nítorí pé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá a máa sọ mímì orí náà di ńlá. Òòyì kọ́ mi, mo bọ́ ọ, mo sì ń gbọ́ ìró pátákò ẹṣin bí mo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Awò náà kò bàjẹ́ o. Ojú mi ni kò bá a mu.

Àṣìṣe tó dùn mí jù kò kan ẹṣin. Nítorí pé awò ti dé, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kán oògùn sójú lónìí, tí mo sì ń gbàgbé lọ́la. Awò kì í wo glaucoma. Oògùn ni ó ń dín agbára omi tó ń ti ojú láti inú kù, kí iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ má baà kú sí i, èyí tó bá sì ti kú kì í jí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú ojú òsì mi bá oṣù mẹ́ta yẹn lọ.

Èyí tí mo ń lò báyìí kì í fi ìwé hàn mí, ńṣe ni ó ń kà á sí mi létí. OrCam MyEye ti Ísírẹ́lì jẹ́ irú rẹ̀, ó kéré bí ìka ọwọ́, ara apá awò ni ó sì ń lẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó náwó, ẹ fi fóònù dán Seeing AI wò, áàpù Microsoft tó ń ka ìwé síni létí, ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún iPhone láti ọdún 2017, ó sì dé orí Android ní ọdún 2023. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ohùn inú fóònù tèmi gbọ́. Nígbà tí mo gbé ìwé ìpàdé wa tí a fi Yorùbá kọ síwájú rẹ̀, ó pe orúkọ ìyálóde wa débi pé èmi gan-an kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Obì kì í sì í ṣe ìwé. Ní ti Màmá, iná funfun tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí kò sì kọjú sí wọn, ni n óò kọ́kọ́ rà. Kí wọ́n da obì funfun sórí aṣọ dúdú, kí wọ́n sì da èyí tó pọ́n sórí aṣọ funfun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ìka wọn yóò sì ti mọ ihò kòkòrò kí kámẹ́rà tó dé.

Ẹ mú wọn lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tí iná bá tàn, kí ẹ gba ìwé èsì rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á bóyá irú ojú yìí ni wọ́n ṣe é fún, àti bóyá wọ́n lè gbà á padà. Ní ọjọ́ náà, kí ẹ̀yin náà jẹ́ kí wọ́n wo ojú yín, kí ẹ̀gbọ́n yín sì ṣe tirẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí pé àrùn yìí a máa rìn nínú ìdílé, irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wa kì í sì í dunni títí ó fi máa jẹ etí wọlé.